Ilẹ̀kùn Tí Ó Há fún Ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí Kátíkíìsì ìjọ sọ ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, nínú ọ̀sẹ̀ Júbílì)

 

Ẹ rántí ìtàn arọ Kapernáúmù, tí Máàkù Mímọ́ kọ ní orí kejì Ìhìn Rere rẹ̀. Àwọn mẹ́rin gbé e tọ Jésù lọ, ṣùgbọ́n èrò dí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò sọ pé kí ó padà sílé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mókun. Òrùlé ni wọ́n ṣí. Ẹ kíyè sí i: a ti tún ọ̀nà ṣe kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tó dá.

Èmi fúnra mi pẹ́ kí n tó lóye èyí. Ọmọ kan wà nínú kíláàsì kátíkísìmù mi tí ó ń fi ọ̀pá rìn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í pẹ́ dé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a kì í rí i mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọ̀lẹ ni. Ní ọjọ́ kan mo tọ ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, mo sì rí i bí ẹrẹ̀ ti ń gbé ọ̀pá mì, tí omi sì ti gé ọ̀nà. Ọmọ kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ọ̀nà ni ó yí padà. A to òkúta, a sì tẹ́ pákó sórí omi náà. Láti ìgbà náà ni kò ti pa kíláàsì jẹ mọ́. Àwọn ọmọ kékeré tí ẹsẹ̀ wọn pé, tí ẹ̀rù omi ń bà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú, àti àwọn ìyá àgbà.

Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé àìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara nìkan: ọ̀nà, ilé, irinṣẹ́ àti ìwà aládùúgbò wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa Benin fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2012, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2017. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé pákó sórí omi. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń gbé e.

Kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Láti orí òkè Alédjo dé Bassila àti Manigri, ọmọ tí etí rẹ̀ là ketekete, tí ó ń sọ Anii tàbí Nàgó nílé, a máa di odi ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ Faransé ní ilé-ìwé. Bí ibi tí a wà bá lè pa ẹni tí ara rẹ̀ pé lẹ́nu mọ́, kí ni yóò ṣe fún adití?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò ríran dáadáa jókòó níwájú. Ẹ kọjú sí adití kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fi àbùkù ara pe ọmọ, nítorí ó ní orúkọ ìrìbọmi. Kí a má sì bi í mọ́ pé ta ni ó ṣẹ̀, òun tàbí òbí rẹ̀. Jésù ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní orí kẹsàn-án Ìhìn Rere Jòhánù Mímọ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gba Ara Olúwa ní ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún yìí. Àtẹ̀gùn márùn-ún ni ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń pọ̀n ọ́n gùn ún. Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n kò bá sí, abẹ́ igi níta ni ó ti ń gbọ́ Mísà. Mo mọ̀ pé a fẹ́ fi owó Júbílì kọ́ ẹnubodè tuntun. Ó dára. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwa arúgbó ọ̀la náà yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Nínú Òfin Mósè, Júbílì ni ọdún tí olúkúlùkù ń padà sí ilé rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ṣì wà níta ilé Bàbá rẹ̀, Júbílì wa kò tíì pé.

Kí Màríà Wúndíá, Ìyá wa, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.