Rírìn Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìtawurẹ́ wọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè yóò rí i pé òkè yí ìlú náà ká. Òkè gígùn ni, akọ òkúta funfun líle ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó nà láti ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkèmẹ̀sí wá sí Ẹ̀fọ̀n, ó sì kọjá lọ sí ìhà Ìkógòsì. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó jà láti 1877 títí di 1893, àárín òkè ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn jagunjagun pàgọ́ sí.

Ní ọdún kan, mo kó ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá lọ gun òkè yìí. Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó gbéra. Bàbá àgbẹ̀ kan tí a bá nísàlẹ̀ gbójú sókè, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀la. Òkè ti dé fìlà.” Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, a sì gòkè lọ.

Nígbà tí a dé orí rẹ̀, tí a kọjú sí àríwá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lápá òsì wa, ilẹ̀ Èkìtì sì tẹ́ lọ rẹrẹ lápá ọ̀tún, níhà Arámọkọ àti Ìjerò. Mo ń nawọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni kùrukùru bò wá. Ààrá sán. Mo ní kí àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, mo sì kà wọ́n. Mẹ́tàlá!

Ọmọ ọlọ́mọ! Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbé mi mọ́. Mo fun fèrè, a pa ẹnu mọ́, a fetí sílẹ̀. Mo tún fun ún. Nígbà tí ó ṣe, a gbọ́ ohùn kékeré kan nísàlẹ̀ àpáta. Ọmọ náà jókòó sójú kan. Ó ní ìyá òun ti kọ́ òun pé bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ òun lójú, òun kò gbọdọ̀ máa rìn kiri.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, a pàdé bàbá àgbẹ̀ náà tí ó ń bọ̀ wá wò wá. Kò bá mi wí. “Ẹ kú ewu” nìkan ni ó sọ. Ó dùn mí ju ìbáwí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ó fẹ́ gun òkè, ẹ tètè jí lọ. Ẹ mú ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà dání. Ẹ máa ka ara yín. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lórí òkè, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró. Lákòókò ọyẹ́, ẹ má dáná sí koríko ibẹ̀. Òjò tí ó lé wa yẹn ń wọ inú ilẹ̀ láti ojú sísán òkúta. Èyí tí ó bá wọlẹ̀ jìn dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná ni ó ń padà sun jáde ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ẹni tí ó bá ba òkè jẹ́, omi ni ó bà jẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n sọ fún mi, n kò gbọ́. Ẹ̀yin, ẹ gbọ́ o. Ó dìgbà.