Kí Fọ́ọ̀mù Orí Ìkànnì Wa Má Ti Ọmọ Ìlú Kankan Síta

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ẹgbẹ́ sọ)

 

Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé orí ìkànnì ayélujára wa nìkan ni fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa wà lọ́dún yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ wa tí kò ríran, tó wà ní yunifásítì, báwo ló ṣe máa kún un?

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé afọ́jú ń lo fóònù ni?" Ó ń lò ó dáadáa. TalkBack wà nínú fóònù Android, VoiceOver wà nínú iPhone. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ohun tó wà lójú fóònù ló máa ń kà sí èèyàn létí. Ti kọ̀ǹpútà náà wà, NVDA lorúkọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006.

Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyí mọ̀ ọ́n kà. Ẹ wá wo fláyà tí a máa ń gbé sórí WhatsApp: ọjọ́ ìpàdé, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo ẹ̀ wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí fóònù máa sọ fún ẹni tí kò ríran ò ju pé "fọ́tò" nìyí. Àwọn fóònù tuntun kan máa ń gbìyànjú láti ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, ṣùgbọ́n tó bá ṣi nọ́ńbà àkáǹtì kan péré kà, owó ti lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ inú fláyà sábẹ́ ẹ̀.

Ti fọ́ọ̀mù ló wá ká mi lára jù. Tí ẹni tó kọ́ ìkànnì kò bá so orúkọ mọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa gbọ́ ni "àpótí ìkọ̀wé, àpótí ìkọ̀wé." Ṣé orúkọ bàbá ni ká kọ síbẹ̀ ni, àbí agboolé? Kò mọ̀. Tó bá tún dé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní kó mú àwòrán tí mọ́tò wà nínú ẹ̀ kó lè fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ, ó parí fún un nìyẹn.

Ẹ má sọ pé kó pe ẹlòmíì kó bá a kún un. Nọ́ńbà báńkì wà níbẹ̀, èsì ìdánwò wà níbẹ̀. Ta ni nínú yín tó máa fún aládùúgbò ní BVN ẹ̀?

Kì í ṣe afọ́jú nìkan náà. Lẹ́tà tó ṣú fẹ́rẹ́fẹ́ lórí funfun, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń na fóònù jìnnà sójú mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn olóyè wa sì fẹ́ràn voice note oníṣẹ́jú mẹ́jọ. Adití ò lè gbọ́ ọ. (Ẹ má bínú o, àwa tá a gbọ́ràn náà kì í sábàá gbọ́ ọ parí.)

Láti 1999 ni ìlànà bí a ṣe ń ṣe é ti wà lágbàáyé, WCAG ni wọ́n ń pè é. Òfin tó ní kí a má ya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ sì ti wà ní Nàìjíríà láti January 2019. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ó máa náwó, owó kékeré ni tí a bá ṣe é nísinsìnyí. Tí a bá kọ́ ilé tán ká tó rántí ilẹ̀kùn, ògiri la máa wó.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀: kí fọ́ọ̀mù má tíì ṣí títí ọmọ ìlú kan tí kò ríran á fi kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ọmọ wa kan tó ń lo TalkBack tàbí NVDA, kó jọ̀ọ́ bá wa bi í bóyá ó máa lè bá wa dán an wò, kó sì kàn sí wa.