Ìtànṣán Tí Ń Fi Àrùn Hàn

Ní àdúgbò Berea ní ìlú Johannesburg, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí láàrin àwọn àlejò, aláìsàn kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá Charlotte Maxeke ní Parktown. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí ń fi ìtànṣán átọ́mù wá àrùn rí nínú ara. Irú iṣẹ́ ìṣègùn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó kan àwa náà ní ilé.

Bí a bá dárúkọ átọ́mù, Hiroshima ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ó lè pa ènìyàn náà ni a fi ń gé iṣu. X-ray ń fi ìrísí egungun hàn wá; èyí ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ń ṣe hàn. A ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ èròjà díẹ̀ tí ń tan ìtànṣán. Èròjà náà yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí a rán an, ìbáà ṣe egungun, kíndìnrín, ọkàn, tàbí ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ ní ọrùn. Kámẹ́rà irú èyí tí Hal Anger ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin 1950 sí 1960 yóò sì gba ìtànṣán náà sílẹ̀. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá ti ràn dé egungun, ó lè hàn níbẹ̀ kí X-ray tó rí i. Bí kíndìnrín kan bá ń ṣe ọ̀lẹ, àṣírí rẹ̀ yóò tú.

Technetium ni èròjà tí a ń lò jù. Láàrin wákàtí 6, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Èyí dára fún aláìsàn, nítorí kò ní pẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeé tọ́jú pamọ́. Ara molybdenum ni a ti ń rí i, èyí tí ìdajì tirẹ̀ ń lọ láàrin wákàtí 66, tí a sì ń kó sínú àpótí tí a fi òjé bò. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ a máa pe àpótí náà ní màlúù, nítorí pé wọ́n ń fún technetium lára rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, bí darandaran ti ń fún wàrà.

Ẹ̀rọ átọ́mù díẹ̀ ní gbogbo ayé ni ń pèsè molybdenum yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni SAFARI-1 ní Pelindaba, nítòsí Pretoria, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965. Nígbà tí ti Kánádà dáwọ́ dúró ní 2009, ọ̀wọ́n dé. Ní oṣù Kọkànlá 2017, a dá ìpèsè ní Pelindaba dúró nítorí ètò ààbò, ọ̀wọ́n tún dé. Nígbà ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń dúró de àwòrán ni ìyà ń jẹ; àrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 2006. Ẹ̀rọ átọ́mù kékeré tí ó wà ní Zaria láti 2004, fún ìwádìí ni. Kò lágbára tó láti pèsè èròjà yìí fún gbogbo ilé ìwòsàn. Láti òkè òkun ni a ti ń rà á. Bí àpótí bá sùn ní pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kan péré, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tí ó ti ṣòfò. Owó ti lọ, aláìsàn kò sì rí àwòrán.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn aṣọ́bodè jẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọjá ní kíákíá. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí yóò tún kámẹ́rà ṣe kí ó tó bàjẹ́. SAFARI-1 pé 60 ọdún ní 2025. South Africa sì ti sọ pé òun yóò kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòókù bá a dá sí i, nítorí àǹfààní rẹ̀ yóò kàn wọ́n.

Ní ti ẹ̀rù ìtànṣán, ìwọ̀n tí a ń lò kéré. Kí aboyún àti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú sáà tètè sọ fún dókítà. Ẹni tí a bá mọ ibi tí àrùn rẹ̀ wà ni a lè mọ oògùn rẹ̀.