Ara Ní Aago Tirẹ̀: Oorun àti Iyè Wa Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá òru àti ọ̀sán. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, Súúrà An-Naba' ka oorun, òru àti ọ̀sán mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún ẹ̀dá. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti rí i pé ara ènìyàn ní aago tirẹ̀.

Ní ọdún 1962, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Siffre, wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní àwọn òkè Alps, níbi tí kò ti lè rí oòrùn, tí kò sì mú aago dání. Ó lo nǹkan bí oṣù méjì níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ó rò pé àwọn wà. Iyè rẹ̀ ti ṣi ọjọ́ kà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ṣì í: ó ń sùn, ó sì ń jí ní ìwọ̀n wákàtí 24 àti díẹ̀.

Inú ọpọlọ ni aago náà wà, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti kọjá ara wọn. Ó kéré púpọ̀. Nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ojú wọlé ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara eṣinṣin kékeré tí ń bà lé èso.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Nínú oṣù yìí, a ń kí ìrun àsámù lálẹ́, a sì ń dìde jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Oorun wa ń dín kù. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania fi hàn pé ẹni tí kò sùn ju wákàtí 6 lọ lóru fún ọjọ́ 14, ìrònú àti àkíyèsí rẹ̀ lè bàjẹ́ dé ìwọ̀n ti ẹni tí kò fojú kan oorun fún òru méjì. Èyí tí ó léwu jù ni pé àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn kò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún tí ó ní ara òun le lẹ́yìn sààrì, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí tó. Ojú lè là kí iyè má jí.

Nítorí náà, bí a bá ti kí àsámù tán, kí á pa tẹlifísàn, kí á gbé fóònù sílẹ̀, kí á sùn. Kí á fi oorun ọ̀sán díẹ̀, tí ó jẹ́ súnnà, ran ara lọ́wọ́. Kí awakọ̀ tí oorun bá ń kùn yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sinmi. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kán an lójú. Àmáánà ni ara wa, àmáánà sì ni ẹ̀mí ẹlòmíràn tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí á ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà. Àmín.