Ẹ Bi Oníbàárà Léèrè Kí Ẹ Tó Bu Àgbo fún Un
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún)

 

Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ lórí ewé àti egbò. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé kí ni ẹlẹ́lùbọ́ mọ̀ nípa ewé. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti lékulẹ́ja kò kéré nínú wa, wọ́n sì ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé ká yá àwọn lówó káwọn lè máa ta àgbo inú ìgò. Ìgbìmọ̀ gbà. Ìlànà kan péré la fi tì í: ẹni tó bá gba owó náà gbọ́dọ̀ máa bi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ kó tó bu àgbo fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ o. Àwọn kan ní ìbéèrè máa ń lé oníbàárà, pé a fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ìdí tí a fi ṣe ìlànà yẹn la fẹ́ sọ.

Láyé àwọn ìyá wa, ènìyàn kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kó ní “ẹ fún mi ní ti ibà,” kó sanwó kó máa lọ. Wọ́n á ní kó jókòó. Wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo ahọ́n rẹ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lo jẹ lánàá? Ṣé ó ń ṣe ẹlòmíì nínú ilé? Ṣé oorun ń kùn ọ́? Bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á bi í bóyá ó lóyún tàbí ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìjà orogún ni wọ́n á kọ́kọ́ parí kí wọ́n tó já ewé kankan. Àwa tí a ń tọ́jú ìwé owó yíyá mọ̀ pé òótọ́ ni: bí òpin oṣù bá ti ń súnmọ́, ẹ̀fọ́rí á pọ̀ nínú ọjà yìí. Kò sí àgbo tó ń wo gbèsè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà mọ ìyẹn. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àwọn tí orí wọn dàrú kò kàn wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n ń gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí, ẹbí kọ̀ọ̀kan ń bá aláìsàn tirẹ̀ gbé, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó fi oògùn òyìnbó wo ara, ó sì jẹ́ kí aláìsàn wà láàárín ènìyàn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ewé kan, asofẹ́yẹjẹ. Ẹ̀yin ẹlẹ́wé mọ̀ ọ́n dáadáa, egbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú wèrè látayébáyé, wọ́n sì ń fi mú ẹni tí kò rí oorun sùn. Nǹkan kan wà nínú egbò náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reserpine. Lọ́dún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti ara ìbátan igi náà tó ń hù ní Íńdíà. Ó ń mú kí ara wálẹ̀, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Àwọn bàbá wa kò purọ́ nígbà náà. Ewé náà lágbára, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan láàárín wa, tó ti ń lo oògùn bí-pí tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, kò rí oorun sùn. Ó ra àgbo, asofẹ́yẹjẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò bi í ní nǹkan kan. Ó mu ún mọ́ oògùn àárọ̀ rẹ̀. Kó tó di agogo mọ́kànlá, ó ti ṣubú sáàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n bi í pé kí ló mu, ó ní òun ò mu nǹkan kan, torí ojú ń tì í. Ọmọ rẹ̀ ló sáré lọ mú ìgò àgbo wá. Ìyá náà wà láàyè, ó wà níbí lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, ká ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹjọ́ àwọn dókítà náà wà níbẹ̀ o. Bí ènìyàn bá ní òun mu àgbo, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn bí ọmọdé, ṣé yóò tún sọ òótọ́ lọ́jọ́ mìíràn? Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo gba oògùn bí-pí tàbí ti àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ yín.

Bí a ṣe ń po ó náà ní ìmọ̀ nínú. Òmíràn wà fún sísè, òmíràn fún rírẹ sínú omidùn, òmíràn fún lílọ̀ tàbí jíjó. Kì í ṣe àṣà lásán. Ìyá kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà látinú ewé ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ náà ń já, ń jọ. Ó wá padà sínú ìwé ìṣègùn kan tó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún (1,600). Ìwé náà ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò ní kí wọ́n sè é. Ìyá náà fura pé iná ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó dín ooru kù, lọ́dún 1971 iṣẹ́ náà sì jẹ́. Lára ewé yẹn ni wọ́n ti rí oògùn ibà tí gbogbo kẹ́mísìtì ń tà báyìí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ewé kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà po ó ló yàtọ̀.

Tilé náà wà. Lọ́dún 1971 kan náà, Abáyọ̀mí Ṣófowórà ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ìwé jáde lórí egbò orin àtà, pé omi rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé lára àwọn onífòníkú-fọ̀la-dìde padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Nínú ìgò àyẹ̀wò ni o, ẹ má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti wo àìsàn náà tán. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn ìyá wa ń rún láàárọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ rírẹ ewé sínú ògógóró ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òndó. Ojú fọ́, ẹ̀mí lọ. Ẹni tó ra ọtí ládúgbò kò lè fi imú mọ èyí tó ní májèlé.

Ti NAFDAC kò ní gbà wá lákòókò. Ẹni tó bá fẹ́ tà á nínú ìgò ní láti gba nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò dáadáa: wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ àgbo pé àjọ náà kò tíì yẹ agbára ìwòsàn tí wọ́n ní ó ní wò. Nọ́ńbà kò bi oníbàárà léèrè bóyá ó lóyún. Ẹnu yín ni yóò bi í.

Ohun tí a fẹ́ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ta ló fẹ́ mu ún? Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé ó lóyún? Oògùn wo ló ń lò? Bó bá ní bí-pí, tàbí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má tà á fún un, ẹ ní kó lọ rí dókítà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, owó ìgò yẹn á lọ.

Fọ́ọ̀mù owó yíyá wà lọ́wọ́ akápò. Lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀, méjì nínú àwọn ìyá ẹlẹ́wé wa tó dàgbà jù yóò jókòó, wọn yóò sọ ewé kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ ní ìlú kálukú, ìwọ̀n rẹ̀ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mu ún. A óò kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó mú ọmọ rẹ̀ wá.