Àkùrọ̀ Etí Aṣálẹ̀: Ohun Tí A Rí ní Dagona

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìjàn-Èkìtì)

Ẹ ní kí a wá ròyìn ìrìn àjò wa sí òkè Ọya. Ìwé ẹ̀yáwó àwọn tó fẹ́ sé odò ṣe adágún ẹja ṣì wà nínú àpò wa. A ó dé orí rẹ̀.

Dagona wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe, lẹ́bàá Gashua. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ igi kòkó kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè ṣófo tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì, ọyẹ́ ń gbá wa lójú. Lójijì ni adágún kan yọ, tí ẹyẹ bò ó mọ́lẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó sá fún òtútù Yúróòpù, tó fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, wà níbẹ̀. Lékeléke náà wà, èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa pariwo pé, "Ará ilé rèé!" Gbogbo ẹyẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Afinimọ̀nà wa bínú, ó sì tọ́ kí ó bínú.

Láti 1991 ni ibẹ̀ ti wà lábẹ́ ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Chad Basin. Ní 2000, wọ́n fi adágún Nguru tó wà nítòsí sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Ìráànì ní 1971 láti dáàbò bo irú ilẹ̀ olómi bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ nìkan ló ń jẹun níbẹ̀. Odò Hadejia àti Jama'are ní í kún bo ilẹ̀ náà nígbà òjò. Bí omi bá fà, àgbẹ̀ á gbìn, apẹja á dẹ àwọ̀n, Fúlàní á da màlúù wọ̀ ọ́. Ní 1974 wọ́n parí ìsédò Tiga lápá Kano. Ti Challawa Gorge tẹ̀lé e ní 1992. Wọ́n wúlò fún Kano, a kò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n ń bomi rin oko, ará ìlú sì ń mu níbẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ìkún omi wọn dínkù. Èyí tó sì ń dé kò bá àsìkò mu mọ́, ni koríko Typha, tó ga ju ènìyàn lọ, bá dí ojú odò. Bàbá apẹja kan fi ọ̀pá ọkọ̀ tọ́ka sí ibi tó ti ń dẹ àwọ̀n nígbà èwe rẹ̀. Koríko ni a rí.

Ibẹ̀ ni a ti rántí ìwé inú àpò wa.

A kò tíì bu ọwọ́ lù ú. A kò sọ pé adágún ẹja burú. A ti ṣètìlẹ́yìn fún irú rẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò, ìpín, olùdúró àti owó ìfipamọ́ nìkan ni a wò. A kò béèrè ẹni tó ń lo omi nísàlẹ̀. Àṣìṣe tiwa nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ odò yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n. A fẹ́ kí akọ̀wé pè wọ́n sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa jọ rin etí odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ wọ bàtà òjò.