Kí Ló Sọ Géèmù Di Eré Akópa?



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè ya yín lẹ́nu: géèmù orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ń pè ní RPG, ìyẹn èyí tí ẹni tó ń gbá a ti ń kó ipa ẹlòmíràn. Kí ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn gan-an?

Ọ̀pọ̀ á ní òǹkà ni: kí agbára akọni máa lé sí i bó ṣe ń jagun. Ó nídìí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti inú Dungeons & Dragons ló ti wá, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe. Ṣùgbọ́n lónìí, géèmù bọ́ọ̀lù pàápàá ń ka agbára agbábọ́ọ̀lù. Ṣé RPG nìyẹn náà? Ó tì o.

Ẹ rántí eré orí ìtàgé tá a máa ń ṣe nílé-ìwé. Ẹni tó bá ṣe ọba, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un ló máa sọ. Kò lè dárí ji ẹni tí ìwé ní kó pa. Nínú RPG tó dáa, ẹ gba ipa, ẹ̀yin náà lẹ ó sì pinnu.

Ẹ wo Ultima IV tí Richard Garriott gbé jáde lọ́dún 1985. Kò sí ọ̀gá ìkà kan tí ẹ máa pa níparí. Ìwà rere mẹ́jọ lẹ ó máa lépa. Òótọ́, àánú, ìgboyà àti ìrẹ̀lẹ̀ wà lára wọn. Afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń ta aáyù àti àwọn èlò oògùn mìíràn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ka owó fún un. Bẹ́ ẹ bá rẹ́ ẹ jẹ, kò ní pariwo, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú yín. Àmọ́ géèmù ti ṣírò ẹ̀ mọ́ yín lọ́rùn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba oyè olóòótọ́, ẹ ó rí i pé ẹ ti bà á jẹ́.

Ohun tó ń jẹ́ RPG nìyẹn lójú tèmi: kí èèyàn yàn, kí ohun tó yàn sì bá a dọ́jọ́ iwájú. Òǹkà kàn ń wọn agbára ni.

Nítorí náà, bọ́mọ yín bá jókòó ti géèmù, ẹ má kàn pariwo pé kó pa á. Ẹ bi í pé, "Kí lo yàn? Kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?" Bó bá rẹ́ afọ́jú jẹ níbi tẹ́nì kankan ò ti rí i, ẹ̀yin àtòun ti ní ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn.